Ọmọ Etí Òkun àti Ìmọ̀ràn Tí Mo Fún Un

Ní ìjẹta ni Sèkínà, àbúrò mi obìnrin, bi mí léèrè pé, "Bọ̀dá mi, kí ni wọ́n ń pè ní búlọ́ọ̀gù gan-an? Ṣé bíi fídíò ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́, nítorí mo rí i pé ohun tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi ṣe ti di ohun tí ọmọ ìyá mi ń béèrè bí ẹni ń béèrè nípa owó ẹyọ. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí. Mo ti gboyè, mo ti sìnrú ìlú, mo sì padà sílé wá jókòó ní Òmù-Àrán, tí mò ń kọ̀wé wá iṣẹ́ kiri. N kò ní kí ẹnikẹ́ni pè mí ní àgbà. Ṣùgbọ́n àkísà ti ń pọ̀ lọ́wọ́ mi o, ẹ̀yin àbúrò mi, ọ̀kan sì wà níbẹ̀ tí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ fọ̀ ọ́. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, bóyá àyà mi á yé já.

Ní ayé ìgbà tí mò ń wí, ẹni tó bá ní búlọ́ọ̀gù dà bí ẹni tó ní ilé kékeré kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn síbẹ̀, àwọn ènìyàn á wá kà á, wọ́n á sì fi ọ̀rọ̀ tiwọn sílẹ̀ nísàlẹ̀ bí àlejò tó kí onílé kí ó tó lọ. Kò sí ìkánjú níbẹ̀. Ẹlòmíràn lè kọ̀wé lọ́jọ́ Ajé, kí ìdáhùn rẹ̀ tó dé lọ́jọ́ Ẹtì, inú rẹ̀ á sì dùn gan-an. Lónìí, bí ènìyàn bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín, tí ẹ rí i pé ó ti kà á tí kò dáhùn, ẹ ti bínú kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. N kò bá yín wí. Èmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kàfé kan wà ládùúgbò wa nígbà náà, tí kọ́ǹpútà mẹ́fà wà nínú rẹ̀, mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá dijú báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ìró ibẹ̀: jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́ lẹ́yìn fèrèsé, fáànù tí apá rẹ̀ kan ti tẹ̀, àti àwọn ìka wa tó ń ta lórí kọ́ǹpútà bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Bí iná bá lọ, gbogbo wa á pariwo pé, "Ganmo ti já o!" à fi bí ẹni pé ènìyàn kan ni Ganmo, ibùdó tí iná wa ti ń wá, tó jókòó síbì kan tó ń fi wá ṣeré. Nítorí iná yìí, mo kọ́ àṣà kan. Ohunkóhun tí mo bá fẹ́ràn lórí búlọ́ọ̀gù, mo máa ń yára fi báírò dà á kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀, kí n lè rí i kà nílé. Ìwé mẹ́sàn-án ni mo kọ kún. Ìyá mi rò pé ìwé kíkà ló ń gbà mí lọ́kàn tó bẹ́ẹ̀, ó máa ń bu ẹran kún tèmi. Mo jẹ ẹran náà. Mo mọ̀ pé kò dáa.

Mo ní búlọ́ọ̀gù tèmi náà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo dá a sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ka ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ìwé tí imú rẹ̀ ò tíì gbẹ. Mo bá sọ ara mi ní Bàbá Orí Àpáta. Mo ń kọ̀wé bí àgbàlagbà. Mo máa ń jókòó ti bàbá-bàbá wa ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo ń ṣà á lẹ́nu, bó bá ti pòwe kan báyìí, ó di kàfé. Àwọn ènìyàn gbà mí gbọ́. Wọ́n ń pè mí ní Bàbá, wọ́n ń tọrọ àdúrà, èmi náà ń gbàdúrà fún wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi ni. Ní ilé, kò sẹ́ni tó ń bi mí ní ohun tí mo rò nípa ohunkóhun.

Báyìí ni a ṣe di ọ̀rẹ́, àwa márùn-ún kan, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí ẹnì kejì rí. A ní òfin kan: a kì í béèrè orúkọ ẹni, a kì í béèrè ìlú tí ẹni ti wá; ibi tí kálukú ń gbé nìkan ni a mọ̀. Orúkọ tí a fi ń kọ̀wé náà tó. Ẹni tó bá rú òfin yìí, ó ní láti kọ ohun tó ti tì í lójú jù lọ láyé rẹ̀ sí gbangba. Ọ̀kan nínú wa tí a ń pè ní Onígègé, tó ń gbé ní Ìbàdàn, ti jẹ ìyà yìí nígbà mẹ́ta, ìtàn rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì burú ju èyí tó ṣíwájú lọ. A gbà pé òfin náà ló jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ láti sọ òtítọ́. Ó ṣe wá láǹfààní lóòótọ́. Ó tún ṣe wá ní ohun tí ẹ ó gbọ́.

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Ọmọ Etí Òkun. Èkó ló ń gbé. Ó jù mí lọ ní ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà, ṣùgbọ́n ó gbà pé mo tó bàbá òun bí. Gbogbo ohun tó ń kọ kò ju nípa etíkun kan lọ, ní erékùṣù kékeré kan níwájú Èkó, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló ń lọ. Bó bá ti di ọjọ́ Ajé, á kọ bí òkun ṣe jí: "Òkun ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí." "Òkun ń pariwo bí ìyàwó tí wọ́n gbé orogún wá bá." Ó kọ nípa àwọn obìnrin tó ń sá ẹja sórí àtẹ, nípa ajá aláìlólúwa kan tó máa ń gbó ìgbì, tí ìgbì á lé e, tí á tún padà wá gbó o. Èmi tí n kò rí omi tó ju odò Ọ̀sìn lọ rí, mo máa ń mọ ìṣesí òkun kí n tó mọ̀ bóyá òjò á rọ̀ sórí aṣọ tí ìyá mi sá.

Àwòrán òkun àkọ́kọ́ tí mo rí láyé mi, òun ló gbé e síbẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lágbára, nítorí náà ìlà-ìlà ni àwòrán ń sọ̀ kalẹ̀. Ojú ọ̀run kọ́kọ́ wá, mo dúró. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, mo dúró. Iyanrìn dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló kù kó yọ nínú iyanrìn nígbà tí Ganmo já. Gbogbo ilé pariwo, èmi nìkan ni n kò lè pariwo. Mo jókòó nínú òkùnkùn, mo ń rò ó pé báwo ni ohun kan ṣe lè fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni kí n pe ohun tó ṣe mí. Kì í ṣe irú ìfẹ́ tí ẹ̀ ń rò yẹn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí fèrèsé nínú yàrá tí o ti rò pé kò ní fèrèsé.

Lọ́dún kejì, Ọmọ Etí Òkun kọ ohun kan tí ó fi kọ́kọ́rọ́ tì, tí àwa mẹ́rin nìkan lè ṣí. Mo dà á kọ bí mo ṣe ń da gbogbo tirẹ̀ kọ. Ó ní dókítà sọ fún òun pé nínú ọkàn òun, ìlẹ̀kùn kan wà tí kì í pa dé dáadáa. Ó ní oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n ọkàn náà tún lè dá dúró lọ́jọ́ kan láìkìlọ̀. Ó kọ ọ́ báyìí pé: "Ìyá mi ti sin ọmọ kan. Títí di òní, bó bá ń ṣe àlùwàlá, ó máa ń pe orúkọ àwa ọmọ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, orúkọ ẹni tó ti kú ló sì máa ń kọ́kọ́ pè. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣé kí n sọ fún un ni, àbí kí n dákẹ́? Bàbá, ẹ̀yin ni àgbà wa. Ẹ bá mi dá sí i."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Mo ní iṣẹ́ ìṣirò tí n kò tíì ṣe nínú àpò. Orí mi wú pé ẹni tó ní ìṣòro gidi ń bi mí ní ohun gidi. Mo kọ ọ́ sí i pé: "Ọmọ mi, ìyá tó ti sin ọmọ kan, wọn kì í ní kó tún máa ṣọ́ ibojì tí wọn ò tíì gbẹ́. Ẹrù tí orí rẹ gbà, má gbé e lé ọrùn tó ti ń dun ẹlòmíràn. Gbé e mì. Ọlọ́run ni oníwòsàn." Àwọn yòókù ní, "Àṣẹ, Bàbá." Òun náà dáhùn pé, "Ó ti tán. Mo gbọ́, mo sì gbà." Ìdùnnú ni mo fi rìn délé lọ́jọ́ náà. Mo dà á kọ sínú ìwé, ìbéèrè rẹ̀ àti ìdáhùn mi, nítorí mo rò pé ó dára púpọ̀.

Lẹ́yìn ìdánwò àṣejáde wa, wọ́n rán mi lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ bọ̀dá bàbá mi l'Ékòó. Àwa márùn-ún bá fi àdéhùn sí i pé kí a pàdé létíkun náà. Mo ti kọ́kọ́ fẹ́ sá, torí irọ́ tí mo ti pa. Mo lọ ṣá. Ní ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀, mo rí wọn, mẹ́rin, wọ́n ń wo gbogbo bàbá arúgbó tó bá ń kọjá.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni Bàbá Orí Àpáta."

Onígègé wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ kẹ̀? Ẹ gbà mí o! Bàbá tí mo ń fìlà kí nínú yàrá mi! Irùngbọ̀n dà?"

"Ó ń bọ̀ lọ́nà."

"Ọkọ̀ wo ló wọ̀? Àbí ó sùn sí Ìlọrin?"

Ọmọ Etí Òkun rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú. Ó kúnlẹ̀ fún mi níbẹ̀, lójú àwọn ọlọ́kọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹ̀yìn ò dùn yín?" Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú bò mí, inú mi sì tún ń dùn, mi ò mọ èwo ni kí n fi hàn.

Bí mo ṣe fojú rí òkun lọ́jọ́ náà, mi ò ní gbìyànjú àtisọ ọ́. Ohun tí mo rántí ni ariwo rẹ̀, pé kì í sinmi, àti iyanrìn tó ń sá lọ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, tí mo fi di ọwọ́ Onígègé mú bí ọmọ ọwọ́. A jẹ ẹja yíyan àti àgbọn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lé díẹ̀, nígbà tí àwọn yòókù ń lé alákàn kiri, Ọmọ Etí Òkun wá jókòó tì mí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní, "Ìwọ lo ní kí n má sọ fún ìyá mi."

Mi ò lè wojú rẹ̀. Mo ní, "Ẹnu àwọn àgbà ni mo ti kó o."

"Àgbà wo?"

"Bàbá bàbá mi. Ọ̀rọ̀ oko tí wọ́n tà ni wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n pa òwe yẹn."

Ajá náà ń gbó ìgbì. Nígbà tó yá ó ní, "Kò burú. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ náà lo sọ." Ó gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó dìde lọ bá wọn lé alákàn. Ẹ̀yin àbúrò mi, ibẹ̀ ni mo ti yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má dá mi lóhùn, ọmọdé ni mí, ẹ lọ sọ fún ìyá yín." Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ̀rù ló bà mí pé tí mo bá sọ ọ́, mi ò ní jẹ́ Bàbá mọ́.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Tiwa ò tó ọdún márùn-ún kó tó tú ká. Ẹni kan lọ sí òkè òkun, ẹni kan bímọ, ilé-iṣẹ́ tó ni ibi tí a ń kọ̀wé sí ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ wa sì bá a lọ. Ó kù kí a máa kí ara wa lórí fóònù nígbà ọdún: "Ẹ kú ọdún o, Bàbá." "Ẹ kú ìyèdún, Ọmọ Etí Òkun." Etíkun náà pàápàá kò sí mọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo padà síbẹ̀ lẹ́yìn tí mo sìnrú ìlú tán. Omi ti jẹ àwọn igi àgbọn náà lulẹ̀, wọ́n ti mọ ọgbà yí ibi tó kù ká, ẹ̀ṣọ́ kan sì bi mí pé ta ni mò ń wá. Mi ò mọ orúkọ ẹni tí mò ń wá. Mo padà.

Iléyá tó kọjá yìí, Ọmọ Etí Òkun ò dáhùn ìkíni mi. Mo fi iṣẹ́ mìíràn ránṣẹ́, ó dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Iléyá náà, ìyá mi ní kí n fi ọ̀kadà gbé òun dé Èsìẹ́, pé ọ̀rẹ́ òun kan nínú ẹgbẹ́ àsáláátù ṣàdánù ọmọ rẹ̀ tó wá ṣọdún láti Èkó, pé àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni. Ẹ rántí, ẹ̀yin náà bá mi fọ ọ̀kadà náà. Mo jókòó sábẹ́ kánópì pẹ̀lú àwọn ọkùnrin. Àáfà ń pe orúkọ òkú, ó ní Ràmọ́tù, gbogbo wa ń ṣe àmín. Kò sí àwòrán kankan lára ògiri, torí ilé náà kì í gbé àwòrán òkú kọ́. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, mo jẹ ẹ́. Mo tún tọrọ ẹran. Nígbà tí wáàsí gùn, mo yọ fóònù mi lẹ́yìn agbádá ẹni tó jókòó níwájú mi, mo kọ ọ́ sí i pé: "Ọmọ Etí Òkun, ìdákẹ́ yìí mà pọ̀ o. Ṣé òkun ń bínú sí wa ni?"

Ó ṣeé ṣe kí fóònù rẹ̀ wà nínú yàrá tó wà lẹ́yìn mi gan-an.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni Onígègé pè mí. Ó ní, "Bàbá, jókòó. Ọmọ Etí Òkun ti lọ. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ fún mi. Ìlú wọn ló kú sí nígbà Iléyá, ní apá ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún, Èsìẹ́. Ràmọ́tù lorúkọ rẹ̀." Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé mo ti jẹun níbẹ̀. Mo jẹun níbi àdúrà rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n bá mi fi ẹran kún un.

Mo sọ fún ìyá mi pé mo mọ ọmọ náà. Wọ́n mi kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀. Ilé náà ò tíì rójú o. Ìyàwó kékeré ni wọ́n ń fà."

"Ìyàwó kékeré báwo?"

"Ìyá Rore, orogún Ìyá Ràmọ́tù. Ìlú Rore ni wọ́n ti gbé e wá. Òun ló se èkuru tí ọmọ náà jẹ kẹ́yìn. Ọmọ jẹ èkuru lálẹ́ ọdún, ó ṣubú lẹ́bàá kànga ní ọjọ́ kejì, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyálé ní òun ò fẹ́ rí i nínú ilé mọ́. Wọ́n fẹ́ jókòó lé e lórí lẹ́yìn Jímọ̀ ọ̀la, kí wọ́n dá a padà sílé bàbá rẹ̀."

"Ọkọ wọn ńkọ́?"

"Ọkọ ti kú tipẹ́. Ta ni yóò gbèjà rẹ̀?"

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Gbogbo ayé mọ òwe yìí. Èmi nìkan ni mo mọ̀ níbí pé kì í ṣe èkuru. Mo lọ sínú yàrá, mo tú àpótí mi. Ìwé keje ni mo ti rí i, báírò rẹ̀ ti ń ṣá. Ìbéèrè rẹ̀ wà lójú ewé kan, ìdáhùn mi wà lójú ewé tó kọjú sí i. Mo jókòó ti ìwé náà fún ìgbà pípẹ́. Kí n sọ òtítọ́ fún yín: èmi kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni, pé mi ò gbọ́dọ̀ da òkú. Ó dà bí ìwà ọmọlúwàbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ inú mi wò dáadáa, ewé kejì ni ń bà mí lẹ́rù. Mo ya ewé náà kúrò. Mo ká a, mo fi í sí àpò ṣòkòtò mi. Mo mú ìwé náà dání, mo sì gun ọ̀kadà lọ sí Èsìẹ́.

Ìyá Ràmọ́tù wà lọ́ọ̀dẹ̀, lórí ẹní, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́ fún wọn. Lódìkejì àgbàlá, mo rí obìnrin kan tó ń di ẹrù sínú báàgì, kò gbójú sókè. Mo sọ pé ọ̀rẹ́ ọmọ wọn ni mí, àti pé ó kọ̀wé kan nígbà ayé rẹ̀.

Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n dojú kọ ọ́, wọ́n dá a padà. "Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ nìyí."

"Ọwọ́ mi ni, Mà. Èmi ni mo dà á kọ."

"Ta ló wá rán ọ? Ìyàwó tó wà lọ́hùn-ún yẹn ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Gbogbo ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n kọ ló wá ń kọ ọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu báyìí. Dìde, ọmọ. Kí ìyá rẹ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà kí wọ́n tó lè lé mi. Mo ka ti dókítà, ti ìlẹ̀kùn inú ọkàn tí kì í pa dé, wọ́n ń mi orí pé rárá. Ìgbà tí mo dé ibi tó ti ní, "bó bá ń ṣe àlùwàlá, ó máa ń pe orúkọ àwa ọmọ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, orúkọ ẹni tó ti kú ló sì máa ń kọ́kọ́ pè," tẹ̀sùbáà náà dúró lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Mi ò sọ ìyẹn fún ẹ̀dá alààyè kan rí." Lẹ́yìn náà, "Ó ń gbọ́ mi?"

Wọn ò sunkún. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Obìnrin tó wà lódìkejì ti fi báàgì sílẹ̀, ó dúró.

"Ó ní, ṣé kí òun sọ fún mi, àbí kí òun dákẹ́," ni Ìyá Ràmọ́tù wí. "Ẹ̀yin ló bi. Kí lẹ sọ fún un?"

Mo ní àwa ṣàdúrà fún un.

"Ọmọ, mo bi ọ́ ní ìbéèrè. Ọmọ mi béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ yín. Ọ̀nà wo lẹ fi hàn án?"

Mo ti ń pa irọ́ náà pọ̀ nínú mi. Mo lè sọ pé ẹlòmíràn ló dáhùn, pé n kò rántí. Mi ò lè ṣàlàyé ìdí tí n kò fi ṣe é. Bóyá nítorí pé ojú wọn jọ tirẹ̀ nígbà tó jókòó tì mí lórí iyanrìn. Mo yọ ewé náà nínú àpò, mo tú u, mo sì kà á fún wọn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gbogbo òwe inú rẹ̀. Kò dára rárá. Ó dà bí ọmọdé tó wọ bàtà bàbá rẹ̀ rìn jáde sígboro.

"Ta ni Bàbá yìí?"

"Èmi ni, Mà."

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Mẹ́rìndínlógún nígbà náà, Mà."

Wọ́n wò mí. Mo ti múra sílẹ̀ fún èpè, mo tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbé mi ṣépè, torí ìyẹn ìbá tètè tán. Wọ́n fi ọwọ́ ti ilẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n gba àgbàlá náà kọjá láìwọ bàtà. Ìyálé tó ti lé ogójì ọdún nínú ilé yẹn kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó kékeré, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ní ọ̀sán gangan.

Ìyá Rore sá sẹ́yìn. "Ẹ dìde! Ìyálé mi, ẹ dìde, ẹ fẹ́ fi kún ẹ̀ṣẹ̀ mi ni?"

"O ò lẹ́ṣẹ̀. Mo gbọ́ báyìí. O ò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn."

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín láti ọjọ́ yẹn."

"O sọ ọ́. Jọ̀ọ́, má lọ."

Ìyá Rore wò wọ́n. Ó ní, "Bóyá n ó lọ, bóyá n kò ní lọ, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Èmi ni mo pọn ọmọ yẹn títí ó fi rìn. Láti Iléyá, bí omi bá bọ́ lójú mi, ẹ ní ẹkún àjẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sunkún ọmọ mi." Ó jókòó sílẹ̀ lójú kan náà, ó ké. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lójú fèrèsé, bí ẹni pé ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú wọlé. Ìyálé náà sún mọ́ ọn, wọ́n gbé orí rẹ̀ lé èjìká.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n dúró tàbí kí n lọ. Mo ń wá ibi tí n ó gbé ìwé náà sí. Ìyá Ràmọ́tù sọ̀rọ̀ láìyíjú sí mi.

"Fi í sórí ẹní, ọmọ. Fi ewé kejì náà síbẹ̀. Kí o máa lọ sílé. Lọ́jọ́ tí mo bá lè wo ojú rẹ, n ó ránṣẹ́ pè ọ́."

Ìyá mi ti lọ sí àsáláátù lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti ìgbà náà. Wọ́n ní Ìyá Rore ṣì wà nínú ilé, pé àwọn méjèèjì jọ ń pọn omi. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó dárúkọ mi. Bí ọ̀kadà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa báyìí, Sèkínà, tí o bá rí i pé mo fi oúnjẹ sílẹ̀ tí mo sáré jáde, ohun tí mò ń retí nìyẹn. Wọn ò tíì ránṣẹ́.